Pepele onípákó lẹ́yìnkùlé: ikán àti òjò ti jẹ ti àkọ́kọ́, kí ni kí n ṣe sí èkejì?

Ọmọ Pórógun
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ pákó ni mo gbé wá. Ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde wà lórí ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́ sẹ́yìn, débi pé tí èèyàn bá jáde lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó tó ẹsẹ̀ bàtà 3 kó tó kan ilẹ̀. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, káfíńtà kan bá wa ri òpó síbẹ̀, ó tẹ́ pákó lé e lórí, kí màmá wa lè máa rí ibi jókòó gba atẹ́gùn. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà lókè òkun ní dẹ́ẹ̀kì ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ wọn. Ó fi fáníìṣì kùn ún, ó ń dán yinrin.

Òjò ọdún kìíní, fáníìṣì bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Òjò ọdún kejì, etí pákó ń rọ̀. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba tó kọjá, àlejò kún ilé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbé àwo ìkòkorè jáde, ni ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn bá gba inú pákó kọjá títí dé orúnkún. Wọn ò fara pa, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àwo náà ò sì dànù, wọ́n gbé e sókè bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, èmi ni mo sanwó pákó.

Nígbà tí a tú u, abẹ́ rẹ̀ ti di ilé ikán. Mo fi àtàǹpàkò tẹ òpó kan, ìka mi wọlé bíi pé búrẹ́dì ni. Mo fẹ́ ṣe òmíràn, ẹsẹ̀ bàtà 14 ní 12. Irú igi wo ni kí n rà? Kí ni kí n fi kùn ún? Àbí kí n kúkú gbàgbé pákó?

Bíríkìlà Ṣágámù
Àbúrò, dẹ́kìn kẹ̀? Pákó tí wọ́n bá kàn sábẹ́ dẹ́kìn, wọn kì í fi sílẹ̀ síbẹ̀ o. Bí kọnkéré bá ti gan, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a ó tú u kúrò. Bóyá ẹni tó ṣiṣẹ́ yín ló gbàgbé láti tú u tó fi jẹrà. Ra irin 12 mm, pè mí, ká dà á lẹ́ẹ̀kan kó tán.

Ọmọ Pórógun
Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe dẹ́kìn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kò sí kọnkéré nínú rẹ̀ rárá. Pákó ni à ń tẹ̀, igi náà ló gbé e ró, atẹ́gùn ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Bíríkìlà Ṣágámù
Ó ti yé mi wàyí. Ọ̀rọ̀ mi ò yí padà: kọnkéré ni. Ikán kì í jẹ kọnkéré.

Ìyá Ìbejì Òdògbolú
Ikán kì í jẹ ẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ń jẹ ẹ́. Èmi ti ṣe ti kọnkéré rí. Ilẹ̀ tiwa náà dà gẹ̀rẹ́. Wọ́n mọ odi yí i ká, wọ́n fi yanrìn dí i, wọ́n da kọnkéré lé e, wọ́n tẹ́ táìlì. Wọn ò gún yanrìn yẹn kó ki. Kí ọdún kejì tó pé, igun kan ti rì, ó là láti ìhín dé ọ̀hún, ọwọ́ mi ń wọ ibi tó là. Bí oòrùn ọ̀sán bá mú, ẹ ò lè fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́. Bí òjò bá rọ̀, táìlì á máa yọ̀ bí ilá. Ṣé ibi tí màmá àgbà máa rìn nìyẹn? Ìrókò ni mo fi ṣe èyí tí mò ń lò báyìí. Ó ti lé ní ọdún 10, pákó méjì péré ni mo tíì pààrọ̀.

Àgbà Káfíńtà Ìjẹ̀bú-Igbó
Ọmọ Pórógun, igi wo ni wọ́n fi ṣe ti àkọ́kọ́? Bó bá funfun, tó fúyẹ́, tí ìṣó ń wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́, arère ni. Arère dára fún iṣẹ́ inú ilé, ó dára fún pákó tí àwọn bíríkìlà fi ń da kọnkéré. Bí o bá gbé e síta sínú òjò, o se àsè fún ikán nìyẹn.

Igi tó ń gbé ìta lọ́dọ̀ wa ni ìrókò, apá, òpèpè àti ekki. Tíìkì náà ń gbé ìta bó bá ti gbó. Ẹ ṣọ́ra fún melina o. Melina ni ìjọba gbìn lọ súà sínú igbó ọba tí gbogbo wa mọ̀ sí J4, nítorí ilé iṣẹ́ bébà Ìwópìn, ìdí nìyẹn tó fi wà káàkiri lápá ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó ń tà á á ní ọmọ ìyá tíìkì ni. Ọmọ ìyá kọ́. Ẹ fi ṣe àga, ẹ gbé e sí pálọ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń fi ìrókò tan èèyàn jẹ nìyí. Igi kan ṣoṣo ní ara méjì. Inú rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ara tó sún mọ́ èèpo sì funfun. Inú yẹn ni ikán ò fẹ́. Ara funfun, ìrókò tàbí kì í ṣe ìrókò, ikán á jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ ẹ̀kọ. Nítorí náà, bí o bá dé sọ́ọ̀mìlì, má kàn ní "ẹ fún mi ní ìrókò 20" kí o wá wọ inú mọ́tò lọ jókòó. Yí pákó kọ̀ọ̀kan wò níwájú àti lẹ́yìn. Èyí tó bá ní funfun létí, kí wọ́n fá etí náà kúrò tàbí kí wọ́n gba pákó wọn. Wọn ò ní fẹ́. Dúró síbẹ̀.

Eruku ìrókò ń yún ara, ó sì ń dí imú, kí ẹni tó bá fẹ́ là á fi aṣọ bomú. Ẹ lè bá òkúta nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Mi ò ṣàwàdà. Igi náà fúnra rẹ̀ ló ń mú òkúta jọ sínú ara. Ọ̀kan bà mí ní eyín ayùn mẹ́ta jẹ́ nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́, ọ̀gá mi ní olúwéré ló ń bínú sí mi, ó sì ní kí n lọ wẹ̀.

Bí owó ìrókò bá ju agbára rẹ lọ, bèèrè òpèpè. Ó pọ́n bí èèpo ọsàn. Lójú tèmi, fún ilẹ̀ tí à ń tẹ̀, kò kẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Ìwópìn
Mo bọ̀wọ̀ fún Bàbá, ṣùgbọ́n fún òpó, ekki ni èmi ń bá lọ. Lọ́dọ̀ wa létí ọ̀sà, òun ni wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ níbi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí. Ju ègé rẹ̀ sómi, ó rì bí òkúta. Òun náà ni wọ́n máa ń tẹ́ sábẹ́ irin rélùwéè. Fi ekki ṣe òpó àti igi abẹ́, fi ìrókò tàbí òpèpè tẹ́ orí.

Ìyà tó wà níbẹ̀ ni pé ìṣó ò wọ̀ ọ́. Lu ihò fún súkúrù kọ̀ọ̀kan kí o tó fi í sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ orí rẹ̀ á kán sí ọ lọ́wọ́. Ẹnu dírílì mẹ́rin ni mo bà jẹ́ lórí tèmi, ẹsẹ̀ bàtà 10 péré sì ni.

Mẹ́káníìkì Ìpẹru
Ẹ ń da ara yín láàmú. Ọ́ìlì kọndẹ́ẹ̀mù! Èyí tí a bá yọ nínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi kun pákó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ikán ò ní yà síbẹ̀. Òpó ọgbà mi rèé, ọdún kẹfà nìyí, ọ̀fẹ́ ni mo sì fi kùn ún.

Tíṣà Ìlíṣàn
Bọ̀dá Mẹ́káníìkì, mo gbà pé ikán á sá fún un fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n òpó ọgbà yàtọ̀ sí ibi tí ìyá àgbà ń jókòó tí ọmọ ń rákò. Ọ́ìlì yẹn ti bá irin jà nínú ẹ́ńjìnnì, ó ti kó èérí rẹ̀ jọ. Òjò á fọ̀ ọ́ sínú ilẹ̀. Ṣé kànga wà lẹ́yìnkùlé? Omi tí ẹ̀ ń mu nìyẹn. Ẹ ra oògùn pákó níbi tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà, irú Solignum, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó jókòó síbẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń ro ti òpó iná àtijọ́, èyí tí ara rẹ̀ jọ àwọ̀ ewé díẹ̀: oògùn inú rẹ̀ ní ásẹ́níìkì nínú. Ó ń lé ikán lóòótọ́. Kí ẹ má fi àjákù rẹ̀ dáná o, ẹ má sì gé ẹran lórí ẹ̀.

Mẹ́káníìkì Ìpẹru
Kànga mi ò ṣe nǹkan kan o, Tíṣà. Ṣùgbọ́n kí n sòótọ́, ìyàwó mi ò jẹ́ kí òpó yẹn sún mọ́ ibi tó ń sá aṣọ sí.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní Calgary
Ẹ kú iṣẹ́ o. Kánádà ni mò ń gbé, mo ti fi ọwọ́ mi kan mẹ́ta irú ẹ̀. Ọ̀tá tiwa níbí kì í ṣe ikán, òtútù ni. Omi inú ilẹ̀ á dì, á wú, á sì máa ti òpó sókè lọ́dọọdún títí pepele á fi wọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbẹ́ ihò ẹsẹ̀ òpó tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 4, kó lè kọjá ibi tí òtútù ń dé. Ẹ̀yin ò nílò ìyẹn. Ihò yín, kó ṣáà ti dé ilẹ̀ tó le.

Ohun tó bá tiyín mu nínú tiwa ni pé òpó ò gbọdọ̀ wọnú ilẹ̀ rárá. Mo fẹ́ gbà gbọ́ pé ibẹ̀ ni ti àkọ́kọ́ ti kú, nítorí Ọmọ Pórógun ní wọ́n ri òpó. Ẹ da kọnkéré sẹ́sẹ̀ òpó kọ̀ọ̀kan, kó yọ tó ínǹṣì 6 sókè ilẹ̀ ó kéré tán. Nígbà tó ṣì tutù, ẹ ki irin sínú rẹ̀, kí òpó jókòó sórí irin, kó má kan kọnkéré gan-an, nítorí kọnkéré ń fa omi mu láti ilẹ̀. Igi abẹ́, láti àárín ọ̀kan sí àárín èkejì, kó má ju ínǹṣì 16 lọ. Bí pákó orí bá fẹ́lẹ́, ẹ jẹ́ kó jẹ́ 12. A tún máa ń lẹ nǹkan dúdú bíi rọ́bà sórí igi abẹ́, nítorí ibi tí igi bá ti jókòó lé igi ni omi ń sá pamọ́ sí. Mo rò pé rọ́bà túùbù tí ẹ bá gé tẹ́ẹ́rẹ́ lè ṣe é.

Súkúrù ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe ìṣó. Igi ń wú lójò, ó ń súnkì lọ́yẹ́, ìṣó á máa yọ orí jáde díẹ̀díẹ̀ títí á fi fa aṣọ èèyàn ya. Láàárín pákó sí pákó, ẹ fi ìdámẹ́rin ínǹṣì sílẹ̀ kí omi lè já.

Àgbà Káfíńtà Ìjẹ̀bú-Igbó
Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, o káre. Gbogbo rẹ̀ ló bọ́gbọ́n mu, àyàfi ti ìdámẹ́rin ínǹṣì. Pákó tó ti gbẹ ni ìyẹn wà fún. Ní tútù ni sọ́ọ̀mìlì ń gbé pákó fún wa, bí o bá gbé e, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kán. Fi ìdámẹ́rin ínǹṣì sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ, nígbà tí ọyẹ́ bá fi máa fẹ́ tán, ìka ń wọ ibẹ̀. Bàtà gogoro àwọn ìyàwó ilé á sì máa wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ Ojúde Ọba, a ó tún padà sórí ọ̀rọ̀ ìkòkorè.

Bí pákó bá tutù, fi ìṣó ínǹṣì 4 sí àárín méjèèjì bí o bá ń kàn án, kí o yọ ọ́. Ààyè yẹn tó, ọyẹ́ á ṣe ìyókù. Ṣùgbọ́n èyí tó dára jù ni kí o rà á ṣáájú, kí o tò ó sábẹ́ páànù níbi tí oòrùn ò ti ní nà án, kí o fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín ìpele kọ̀ọ̀kan kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀. Fi ọ̀dà dí ìdí méjèèjì pákó kọ̀ọ̀kan, níbi tí ayùn ti gé e, nítorí ìdí ló máa ń kọ́kọ́ gbẹ, ibẹ̀ ló sì ti ń là.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní Calgary
Ẹ ṣeun, Bàbá. Òótọ́ ni. Lọ́dọ̀ wa náà, igi tí wọ́n ki oògùn sí máa ń dé ní tútù, a sì máa ń kàn án mọ́ra wọn pẹ́kípẹ́kí. Mo gbàgbé ni.

Ọmọ Pórógun
Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ o. Káfíńtà tuntun tí mo pè wá wò ó ní òun máa fi bóòtù de igi kan mọ́ ògiri ilé, kí apá kan pepele jókòó lé e. Ó ní ìyẹn á dín òpó kù.

Bíríkìlà Ṣágámù
Mo ti gbà fún yín lórí pákó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ògiri kàn mí. Búlọ́ọ̀kù wo ni ẹ fi kọ́ ilé? Bó bá jẹ́ oníhò, bóòtù nínú ihò yẹn dà bí eyín nínú mọ́ínmọ́ín. Àlejò 20 dúró sórí pepele, wọ́n ń ya fọ́tò, ẹ ti mọ ìyókù. Bó bá jẹ́ ara bíìmù kọnkéré ló fẹ́ dè é mọ́, ó lè gbà á. Síbẹ̀, omi á máa ṣàn sáàárín igi àti ògiri, pílásítà á wú, ikán á sì rí àkàbà gun inú ilé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Ẹ jẹ́ kó dá dúró lórí òpó tirẹ̀, kẹ́ ẹ fi ààyè ínǹṣì 2 sílẹ̀ sí ògiri. Òpó mẹ́ta ni yóò fi lé. Òpó mẹ́ta ò ju kí ilé là lọ.

Ìyá Ìbejì Òdògbolú
Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì bèèrè. Ibo ni omi òrùlé yín ń já sí?

Ọmọ Pórógun
Màmá, ilẹ̀ náà ni. Kò sí gọ́tà lẹ́nu páànù lẹ́yìn ilé.

Ìyá Ìbejì Òdògbolú
Lọ dúró síbi tí pepele wà, kí o wòkè.

Ọmọ Pórógun
Mo ti lọ wò ó. Àjákù igi abẹ́ kan ṣì wà nílẹ̀ tí a ò tíì kó. Mo tẹ́ ẹ padà sí ipò tó wà tẹ́lẹ̀, mo wá gbójú sókè. Ẹnu páànù gan-an ló wà lókè ibi tó ti kú. Ara igi náà le dáadáa lápá tó sún mọ́ ògiri. Ó tún le lápá ìta. Àárín, ibi tó tó fífẹ̀ ọwọ́ méjì, ló ti di ògì. Nílẹ̀ ibẹ̀, ihò ihò ló tò lọ bí ìgbà tí wọ́n fi okùn wọ̀n ọ́n, ihò kan lábẹ́ ojú ibi kọ̀ọ̀kan tí omi ń gbà já lára páànù. Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ò wọ ibòmíràn. Ibẹ̀ ló wọ̀. Mo ti ń bínú sí ikán láti oṣù yìí wá, òrùlé tèmi ni.

Ọmọ Ìwópìn
Ikán náà ò mọ́wọ́ mọ́sẹ̀ o! Igi tó bá rin ló máa ń wá.

Àgbà Káfíńtà Ìjẹ̀bú-Igbó
Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun. Gbogbo wa ń jà lórí igi. Ọmọ Pórógun, gọ́tà ni kí o kọ́kọ́ ṣe kí o tó ra pákó kan. Kí omi rẹ̀ sì gba páìpù lọ jìnnà, kó má já sábẹ́ pepele. Ilẹ̀ abẹ́ náà, ẹ tún un ṣe kí omi má dúró, kẹ́ ẹ da gíránáítì sí i kí koríko má hù.

Ìyá Ìbejì Òdògbolú
Ẹ má ṣe fi pákó bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pa kó lè "rẹwà". Èmi ń gbé tọ́ọ̀ṣì wọ abẹ́ tèmi lóṣooṣù. Ikán kì í jẹ kọnkéré ṣùgbọ́n ó ń gùn ún. Á fi amọ̀ mọ ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ara rẹ̀ lọ sókè. Bí ẹsẹ̀ òpó bá hàn síta, ẹ ó rí ọ̀nà náà, ẹ ó fi bàtà nù ún kúrò, ẹ ó sì fi oògùn sí i. Bí ẹ bá ti bo ibẹ̀ pa, ọjọ́ tí ẹsẹ̀ bá wọlé lẹ ó tó mọ̀.

Ọmọ Pórógun
Ó ku ti ohun tí màá fi kùn ún. Ṣé fáníìṣì tó dára ju ti àkọ́kọ́ ni?

Tíṣà Ìlíṣàn
Fáníìṣì kankan kọ́. Ó jókòó sórí igi bí awọ. Oòrùn á sán an, omi á gba ibi tó sán wọlé, kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Òróró pákó, èyí tó ń wọnú igi, ni kí o lò.

Àgbà Káfíńtà Ìjẹ̀bú-Igbó
Tíṣà ti sọ ọ́. Nígbà tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, tí pákó gbẹ, kí ọyẹ́ tó mú gan-an, ni kí o fi pa á lọ́dọọdún. Ibi tí ayùn bá gé, fi sí i lẹ́ẹ̀mejì kí o tó kàn án, torí ìdí pákó ń mu omi bí ẹnu ọmọ. Àwọ̀ rẹ̀ á ṣì máa ṣí díẹ̀díẹ̀ di àwọ̀ eérú. Ìyẹn ò pa igi lára. Ọbẹ̀dò tó bá hù sí i lásìkò òjò, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì, ẹ gbo ó, kí màmá má yọ̀ ṣubú. Lóṣù kìíní ọdún, fún bóòtù gbogbo le, torí igi á ti súnkì kúrò lára wọn.

Ìyá Ìbejì Òdògbolú
Ìgbà wo lẹ fẹ́ ṣe é?

Ọmọ Pórógun
Mo fẹ́ kó ti wà nílẹ̀ kí Iléyá tó ń bọ̀ tó dé. Gọ́tà lọ́sẹ̀ yìí. Sọ́ọ̀mìlì lọ́jọ́ Sátidé, kí n to pákó sábẹ́ páànù bí Bàbá ṣe wí. Ekki fún òpó àti igi abẹ́, òpèpè fún orí, mo ti bèèrè owó ìrókò, mo dákẹ́. Mo máa mú tọ́ọ̀ṣì dání kí n lè rí ara funfun yẹn dáadáa.

Àgbà Káfíńtà Ìjẹ̀bú-Igbó
Tọ́ọ̀ṣì kọ́, ọbẹ ni. Pákó tó ti pẹ́ lóòrùn sọ́ọ̀mìlì, gbogbo ara rẹ̀ á ti dúdú, àtinú àtẹ̀yìn á jọra wọn. Há etí rẹ̀ díẹ̀ kí o tó san owó.